Ọwọ́ Tó Kan Okùn

"Kò sí ọwọ́," ni Ojú wí.

Fẹhíntọlá ní kó tún un wò. Ẹ̀rọ ni Ojú, kì í bínú, kì í sì í rẹ̀ ẹ́, nítorí náà ó tún un wò. Àwòrán ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án tún sáré kọjá lójú gíláàsì rẹ̀: igi àgbọn àti ahéré apẹja, agbòjò aláràbarà lórí iyanrìn, hòtẹ́ẹ̀lì méjì, hòtẹ́ẹ̀lì mẹ́tàdínlógún, ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kí ọmọ olówó lè gùn ún, lẹ́yìn náà àpò iyanrìn, àpò iyanrìn sí i, ògiri, omi lórí ògiri, àti àwọn àlejò tuntun tí wọ́n wọ aṣọ rọ́bà, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ wọ inú yàrá tí bàbá wọn ti sùn rí. Gbogbo ayé Ìsàlẹ̀-Àgbọn kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Gíláàsì náà sì ṣú.

"Dòsùmú, ọkùnrin, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Kò sí ọwọ́ rẹ̀ lórí okùn nínú àwòrán kankan. Kò ní ìpín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ẹni tó kàn."

Bàbá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó sórí àga ike níwájú tábìlì, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ sórí itan. Bàbá Fótò ni gbogbo ìlú ń pè é. Etí rẹ̀ kan ti di, nítorí náà ó yí èyí tó kù sí Ojú, ó gbọ́, ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹja ti tán lọ́jà.

"Ṣé o rí i?" ó wí. "Mo ti sọ fún ọ. Ẹni tó ń yà á kì í sí níbẹ̀."

"Ẹ jókòó ná, Bàbá."

"Ṣé ìdúró ni mo wà ni?"

Àjà kẹrin hòtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó ṣì dúró ni ọ́fíìsì ìpín wà. Omi ti gba àjà ilẹ̀, ó ti gba ìkejì dé ìdajì, ojú fèrèsé sì ni ọkọ̀ ń gbà wọlé. Lára ògiri àtẹ̀gùn, ẹnì kan tó nífẹ̀ẹ́ ìṣirò ti fi ọ̀dà fa ìlà sí ibi tí omi dé lọ́dọọdún, títí ó fi sú u. Lára ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì, pátákó ayé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀: Ẹ JỌ̀WỌ́, Ẹ MÁ MÚ IYANRÌN WỌLÉ. Iyanrìn tó kù ní gbogbo Ìsàlẹ̀-Àgbọn báyìí wà nínú ìgò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó náà, wọ́n sì ti ìgò ọ̀hún ní kọ́kọ́rọ́.

Ọkọ̀ ìkẹyìn ń bọ̀ ní aago mẹ́rin. Ẹni tó bá ní ìpín yóò wọ̀ ọ́ lọ sí Àgbọn Tuntun lórí òkè, níbi tí ilé ti ń dúró dè é. Ẹni tí kò bá ní yóò gba ìwé ọ̀nà. Ìwé ọ̀nà kì í sọ ibi tí èèyàn ń lọ. Ó kàn ń sọ pé kó kúrò níbi tó wà ni. Fẹhíntọlá, tó jẹ́ akọ̀wé okùn, ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ irínwó irú rẹ̀. Káàdì tirẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń tàn bí ewé tútù: Ilé Kejìlá, Òpópó Kẹta. Wọ́n ti fi ilé náà hàn án nínú gíláàsì. Fèrèsé yàrá rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn, ó sì ti pinnu irú aṣọ tí yóò ta síbẹ̀.

Ó pe ẹni tó kàn.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé, eruku ọ̀nà jíjìn ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Mosúnmọ́lá lorúkọ rẹ̀. Kò tíì dé Ìsàlẹ̀-Àgbọn rí kó tó di àná. Ó yọ fótò kan nínú ọ̀rá, ó gbé e síwájú Ojú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ọwọ́ wà," ni Ojú wí lójú ẹsẹ̀. "Ọmọ-ọmọ ẹni tó ni ọwọ́. Ó ní ìpín. Ilé Kẹtàlá, Òpópó Kẹta."

Káàdì tuntun yọ jáde lábẹ́ tábìlì, ó ń tàn. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún, ó tún bú sẹ́rìn-ín, ó nu imú.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ọdún mẹ́ta ni òjò ti kọ̀ wá sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún. Kànga wa ti di ihò lásán. Inú Bíbélì Màmá Àgbà ni mo ti rí fótò yìí."

"Gbé e wá kí n rí i," ni Bàbá Fótò wí. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ìyàwó tuntun kan ló wà níbẹ̀, ó dé fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó di okùn ńlá mú, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. "Hẹ̀n-ẹ́n. Èmi ni mo yà á. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n lò. Ó ní kí n má jẹ́ kí ikùn òun hàn."

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ̀yin ni, Bàbá? Ẹ ṣé gan-an ni, sà! Fótò yín ló gbà mí là."

"Dìde, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù."

"Bàbá, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Kí ló dé tó fi jẹ́ okùn?"

Bàbá Fótò fẹ́ràn kí wọ́n bi í ní ìbéèrè. Ó tún ìjókòó ṣe. "Ìjọba wá bi wá, wọ́n ní ta ni ọmọ ìlú yìí? Wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa kó lọ sókè. Àwọn ìlú míì wí pé ẹni tí sàréè bàbá rẹ̀ bá wà nílùú ni. Àwa ńkọ́? Òkun ti kó sàréè lọ. Ìlàjẹ wà ńbí, Ègùn wà ńbí, ẹni tó wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì wà ńbí. Ta ló máa lé ta? Làwọn àgbà bá ní, nígbà tí a ń fa àwọ̀n létí òkun, ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn, ó ní ìpín nínú ẹja. A kì í bi í níbi tó ti wá. Inú ìjọba dùn. Wọ́n kọ ọ́ fún Ojú bẹ́ẹ̀."

"Ó mà dáa o."

"Ó dáa. Díẹ̀ ló kù."

"Kí ló kù, sà?"

Bàbá wo Fẹhíntọlá. "Kò ku nǹkan kan. Mú káàdì rẹ, kí o lọ di ẹrù."

Ohun tó kù ni ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ létí òkun, nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n níbẹ̀: kí okùn tó dẹ̀. Ẹni tó bá mú okùn nígbà tí àwọ̀n ti gúnlẹ̀, tí ẹja ti wà nínú apẹ̀rẹ̀, okùn lásán ló mú, ilé ìyá rẹ̀ ni yóò ti jẹun. Àwọn àgbà kò sọ ọ́ fún ìjọba, bí èèyàn kò ṣe ní sọ fún àlejò pé ẹnu la fi ń jẹun. Ẹni tí kò fa àwọ̀n rí ì bá ti béèrè. Àwọn kò tilẹ̀ rántí pé ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́.

Fẹhíntọlá mọ̀ ọ́n. Ó tún mú fótò ọmọbìnrin náà. Okùn náà tẹ̀ wọ́lọ́wọ́lọ́ lórí iyanrìn, ìyàwó tuntun fẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni àwọn obìnrin ti ń gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lọ. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé irínwó irú rẹ̀ ló wà nínú Ojú. Àwọn apẹja kì í jẹ́ kí àlejò wọ àárín wọn nígbà iṣẹ́, kí okùn má baà ya wọ́n lọ́wọ́; iṣẹ́ bá parí tán ni Bàbá Fótò máa ń pe àlejò pé kí wọ́n wá mú un, kí wọ́n ṣe bí ẹni tó ń fà. Nínú gbogbo wọn, ọmọ-ọmọ ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ pé ìyẹn di ilé.

Fẹhíntọlá yí káàdì ọrùn rẹ̀ padà. Lẹ́yìn káàdì kọ̀ọ̀kan ni àwòrán tó bí i máa ń wà. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan ló wà lẹ́yìn tirẹ̀, ó wọ gáùn tí wọ́n fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì rán, ó di okùn mú, ó fún ojú pọ̀. Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì kò sì gbà kí òṣìṣẹ́ tàbí ọmọ òṣìṣẹ́ yọjú sétí òkun, nítorí wọ́n ní ó ń ba ojú àlejò jẹ́. Ó yọ́ jáde lọ́jọ́ yẹn. Bàbá Fótò ló rí i. Ó ní, "Ọmọ Alágbàfọ̀, mú un. Wò mí. Ṣe bí ẹni tó ń fà." Ó fún un ní súìtì alágbọn jẹ lẹ́yìn náà. Okùn ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ bí ìfun adìẹ.

"Má ṣe é," ni Bàbá wí. Mosúnmọ́lá ti jáde.

"Kí ni n kò gbọdọ̀ ṣe, Bàbá?"

"Ohun tí ojú rẹ ń ṣe yẹn."

Lára ògiri lẹ́yìn Ojú, wọ́n kọ òfin ẹ̀rí sí ibẹ̀ gàdàgbà: ẹ̀rí tó gbe ẹni tó jẹ́ ẹ kò wọlé, ẹ̀rí tó pa ẹni tó jẹ́ ẹ lára kò nílò ẹlẹ́rìí kejì. Títí ọkọ̀ ìkẹyìn yóò fi kúrò, ẹni tó bá ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ kan kún àṣà okùn tí wọ́n kọ fún Ojú.

"Bàbá, ṣé àwọn apẹja ń fún yín lẹ́ja?"

"Lójoojúmọ́."

"Lásán?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Apẹja wo ló ń fún èèyàn lẹ́ja lásán? Mo ń fà. Ọ̀tún ni mo fi ń yà, òsì ni mo fi ń fà. Wò ó." Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀. Àpá okùn ti gbẹ́ poro sí àtẹ́lẹwọ́ náà.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún Ojú?"

"Sọ kí ni? Pé mo fà? Ẹ̀rí tó gbè mí. Pé okùn tó dẹ̀ kì í ṣe fífà? Ta ni ìyẹn máa gé lọ nínú ọmọ ìlú? Àwọn yòókù ní fótò tí wọ́n ti ń fà á gidi, mo ya gbogbo wọn. Ìwọ nìkan ni n kò rí yà. N kò ya ọ́ kí n tún wá pa ọ́ rẹ́, Ọmọ Alágbàfọ̀. Ọdún mélòó ló kù fún mi tí mo fẹ́ fi gba ilé?"

Fẹhíntọlá yíjú sí gíláàsì. Ó ń wá inú àwòrán, ó fi ìka ń tì wọ́n kọjá, kò sì pẹ́ tó fi rí ọ̀kan. Ọkùnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, okùn náà gún gbọnrangandan láti inú òkun, ó gba àárín wọn, ó sì gba ìsàlẹ̀ àwòrán jáde. Oòrùn wà lẹ́yìn ẹni tó ń yà á. Òjìji rẹ̀ nà sórí iyanrìn: ọwọ́ kan wà lójú, ìkejì wà lórí okùn.

"Wo èyí," ó wí fún Ojú.

"Ọwọ́ mẹ́fà. Gbogbo wọn ti ní ìpín."

"Òjìji yìí ńkọ́?"

"Òjìji kì í ṣe ọwọ́."

"Bí a bá fi ọ̀rọ̀ fífà kún àṣà ńkọ́?"

"N kì í dáhùn 'bí'. Ẹ fi kún un, tàbí kí ẹ má fi kún un."

"Gbọ́ ohun tó wí," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti yí. "O lè pàdánù tìrẹ, kí èmi náà má sì rí. Òfo méjì. Ṣé orí rẹ pé?"

Ẹ̀rù ba Fẹhíntọlá. Kò sí ìlú mìíràn tó mọ̀. Abẹ́ ilé yìí gan-an, níbi tí ẹja ń gbé báyìí, ni ìyá rẹ̀ ti fọ aṣọ àlejò títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Ó fẹ́ fèrèsé yẹn. Ó fẹ́ ẹ débi pé ó ti ń lá a lálàá. Àmọ́ ojú tì í ju bí ẹ̀rù ti bà á lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn káàdì tó ti fún èèyàn láti oṣù mẹ́ta, ojú bàbá yìí ni Ojú fi rí i, òun akọ̀wé sì fẹ́ jókòó kó kọ ìwé ọ̀nà fún un. Ó tún rántí ọmọbìnrin eléruku tó ń di ẹrù nísàlẹ̀. Ìyẹn náà dùn ún, kò sì rí ohun tó lè fi tù ú.

Ó fa gíláàsì mọ́ra.

"Fi kún àṣà," ó wí. "Ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn, kí okùn tó dẹ̀."

"Ta ló jẹ́rìí?"

"Fẹhíntọlá, akọ̀wé okùn. Okùn dẹ̀ nínú àwòrán mi. N kò fà. Mo ṣe bí ẹni tó ń fà ni."

"Ẹ̀rí náà pa yín lára. Ó wọlé." Ìmọ́lẹ̀ sáré yí gíláàsì po. "Mo ti wọn gbogbo okùn. Àwòrán ẹgbẹ̀rún kan ó lé irínwó ti jábọ́. Káàdì méjì ti kú."

Èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀ di aláwọ̀ eérú. Kò dún, kò gbóná. Bàbá Fótò gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àwòrán tó wà níwájú yín," ni Ojú ń bá a lọ. "Okùn le. Ọwọ́ mẹ́fà ló hàn. Agbára tó ń fà á ju ti ọwọ́ mẹ́fà lọ. Ọwọ́ kan wà níta àwòrán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ orúkọ rẹ̀."

"Dòsùmú," ni Fẹhíntọlá wí. "Àwọn èèyàn ń pè é ní Bàbá Fótò."

Káàdì bàbá náà yọ. Ilé Kejìlá, Òpópó Kẹta. Ẹ̀rọ kì í fi ilé ṣòfò.

Mosúnmọ́lá ti gun àtẹ̀gùn padà wá. Ó di káàdì rẹ̀ tó ti di aláwọ̀ eérú mú, ó sì ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu àwọn tó wà nísàlẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ délẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni, Àǹtí? Ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

"Èmi ni."

"Ṣebí ẹ̀yin ará ìlú yìí náà lẹ pè wá sétí okùn! Màmá Àgbà kò sáré wá mú un. Ẹ pè é ni. Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín."

Òótọ́ ni. Fẹhíntọlá lọ sídìí tábìlì. Ó jókòó, ó kọ ìwé ọ̀nà méjì, ó fún ọmọbìnrin náà ní ọ̀kan, ó ti ìkejì bọ àpò ara rẹ̀. Bàbá Fótò ń wo ọwọ́ rẹ̀ títí aago mẹ́rin fi lù.

Gbogbo ìlú ti gba fèrèsé àjà kẹta wọ ọkọ̀ tán kó tó kan Bàbá Fótò. Wọ́n ti gbé Ojú síwájú ọkọ̀, ó ṣì ń tàn. Àwòrán ọkọ̀ ìkẹyìn ni òfin fi ń pa ìwé ìpín dé, akọ̀wé sì gbọ́dọ̀ yà á. Okùn ìlú, èyí tí wọ́n fi ń fa àwọ̀n láyé ọjọ́un, wà ní wíwé lójú fèrèsé, òun ló kù láti gbé. Omi ọ̀sán náà wá ń fa ọkọ̀ sọ́hùn-ún, kò jẹ́ kó súnmọ́ ilé mọ́.

"Okùn wa kúrú o!" ni ọlọ́kọ̀ ké. "Báwo ni bàbá ṣe máa wọlé?"

"Ẹ lo ti ìlú," ni Bàbá Fótò wí.

Wọ́n so ó mọ́ imú ọkọ̀, wọ́n ju ìdí rẹ̀ padà sójú fèrèsé. Bàbá bọ́ kámẹ́rà lọ́rùn, ó fi kọ́ ọrùn Fẹhíntọlá. Kò fún ẹnikẹ́ni rí. Ó rọra tẹ etí fèrèsé, ọlọ́kọ̀ na ọwọ́ sí i, ọkọ̀ sì tún sún sẹ́yìn. Bàbá yíjú padà. Ojú rẹ̀ ń dán, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dán nígbà tó bá ń to àlejò létí òkun.

"Ọmọ Alágbàfọ̀! Mú okùn yẹn. Má ṣe bí ẹni tó ń fà o. Fà á!"

Fẹhíntọlá fi ọwọ́ òsì gbá okùn mú. Kámẹ́rà wà ní ọ̀tún. Okùn náà gé e lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ilẹ̀ tó tutù, ọkọ̀ kò súnmọ́ ju ìwọ̀n ìka kan lọ. Mosúnmọ́lá jókòó lórí àpótí rẹ̀ nínú igun, ó gbé ojú sí ògiri.

"Ìwọ náà, ọmọ ìyàwó!" ni Bàbá ké. "Ṣé o fẹ́ kí n ṣubú sómi ni?"

Ọmọbìnrin náà pòṣé. Ó dìde, ó pòṣé lẹ́ẹ̀kejì, ó bọ́ sẹ́yìn Fẹhíntọlá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fa okùn pẹ̀lú gbogbo ìbínú tó wà nínú rẹ̀. Okùn gún gbọnrangandan. Ọkọ̀ wá. Bàbá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú rẹ̀, ó gbé ìkejì, ó yí padà, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Yà á báyìí," ó wí. "Kó tó dẹ̀."

Fẹhíntọlá tẹ kámẹ́rà.

Àwòrán náà dé ọ̀dọ̀ Ojú kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó gbé e yẹ̀ wò: ọkọ̀ kan, èèyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta, bàbá arúgbó kan tó ń rẹ́rìn-ín níwájú, okùn kan tó gba ìsàlẹ̀ àwòrán jáde.

"Okùn le," ni Ojú wí. "Ọwọ́ kankan kò hàn. Ọwọ́ mẹ́ta wà níta àwòrán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ orúkọ wọn."

Bàbá Fótò yí etí tó ń gbọ́ràn sí i.

"Tún un wí," ó ní. "Wí i sókè, kí àwọn tó wà lójú fèrèsé lè gbọ́."